Apá Kẹta Orin Dinah

Ẹ̀yin ará Ìlá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Ìgbájọ wá, ẹ kú ìrọ́jú o. Èmi Sàfúrátù ni, ìyá àgbà tó múlé ti Alfred tó sùn síwájú wa yìí. Èmi ń kírun, òun ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rín ló so wá pọ̀. Ẹ má bínú tí mo bá rẹ́rìn-ín.

Ọdún tá a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà ni Alfred fi lọ́rì gbé pìánò wọ àdúgbò wa. Àwọn ọmọ tó ti mọ̀ ọ́n tẹ̀ díẹ̀, tí wọn ò tíì di ọ̀gá, ló ń kọ́ ní sónátà. Orin òyìnbó ni. Kò lọ́rọ̀ nínú, ó sì pín sí apá mẹ́ta.

Èmi ò mọ̀! Lọ́jọ́ kan mo jókòó sábẹ́ fèrèsé ẹ̀, mò ń bó ẹ̀gúsí. Orin dákẹ́, mo bá pariwo: "Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Alfred yọrí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, apá kìíní la ṣẹ̀ṣẹ̀ parí."

"Ta wá ní kẹ́ ẹ dákẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín títí.

Mo ní, "Kí lorin yìí tiẹ̀ ń sọ?"

Ó ní, "Màmá, kí lẹ rò?"

Mo ní apá kìíní jọ ìyálé àti ìyàwó tó ń fèsì fún ara wọn. Nígbà tí mo gbọ́ èkejì, ó jọ ẹni tó ń retí ọmọ tó lọ sídàálẹ̀. Ìkẹta ńkọ́? Ti Dinah, ọmọ Adégbọlá tí Alfred ń kọ́ kẹ́yìn yìí, n ò gbọ́ ọ rí! Alágídí ni Alfred. Bọ́mọ ò bá tẹ apá kejì kó wọni lára, kò ní fọwọ́ kan ìkẹta.

Dinah ṣì wà lórí èkejì tí ikú fi dé. Láàárọ̀ yìí mo ní kó lọ tẹ ìkẹta. Ó ní, "Màmá, ọ̀gá mi ò tíì ní kí n kọjá." Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan pìánò mọ́ láé. Ẹ gbọ́ o! Láé!

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ọ̀gá télọ̀ bá kú nílẹ̀ wa, ṣé ọmọṣẹ́ ẹ̀ á sọ abẹ́rẹ́ nù ni? Ṣebí ẹbí ọ̀gá ní í dá a sílẹ̀. Iná kú, ó feérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ ẹ̀ rọ́pò. Ọlájídé, ìwọ lẹ̀gbọ́n Alfred, dìde. Gbọ́wọ́ lé ọmọ yìí lórí. Dá a sílẹ̀, sọ̀rọ̀ sókè, kí àbúrò ẹ gbọ́.

Ẹ gbọ́? Ó ní, "Dinah, máa kọjá." Ẹ ṣàmín! Ẹ ṣe é kó dún!

Lọ sídìí pìánò ọ̀gá ẹ yẹn, ọmọ mi. Má gbọ̀n.

Alfred, kọ́nà ó là fún ẹ, kẹ́sẹ̀ ẹ má kọ. Bó o bá rí ìyá ẹ, bá mi kí i. Dinah ti ń tẹ̀ ẹ́ o. Há! Ó mà ń sáré! Ṣé ijó ni, àbí àwọn ọmọ tí òjò ká mọ́ta? Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ n gbọ́.

Máa lọ, Alfred. Orin ẹ ń sìn ẹ́ sọ́nà.