Ọlọ́gbà Tí Mo Jù Sẹ́wọ̀n Nínú Ìwé Kẹta

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń yìn mí láti ọjọ́ tí a ti sin Akọ̀wé, tí ẹ ń pè mí ní ọmọ gidi torí pé ọdún méjì ni mo fi kàwé fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí ojú wọn fọ́, ẹ gba ìyìn yín padà. Ohun tí mo gbé sínú ti rà, kò jẹ́ kí n jókòó mọ́.

Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé kóòtù, wọ́n sì máa ń fọ́nnu pé etí àwọn ti máa ń dá irọ́ mọ̀ kí ẹlẹ́rìí tó pa á tán. Nígbà tí ojú lọ, ìgbádùn tó kù fún wọn ni ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mẹ́sàn-án tó tẹ̀lé ara wọn, tó ti pẹ́ lórí pẹpẹ wọn láìkà. Ọ̀sán Sátidé ni mo máa ń lọ kà á. Nínú ìwé kìíní, a ò tíì dé ìdajì tí wọ́n ti dárúkọ apànìyàn. Ìkejì, bákan náà. Èmi tí mo ka ìṣirò ní yunifásítì, tí mi ò lè rí kókó kí n má tú u, mo ṣì ń tá ràrà. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá yunifásítì, ṣé kí n dúró dè ọ́ ni?" Ẹ̀fẹ̀ lásán ni, ṣùgbọ́n ó gún mi.

Nínú ìwé kẹta, wọ́n ní dókítà ni. Mo yọjú sí ẹ̀yìn ìwé: dókítà ni lóòótọ́. Mo la ẹnu burúkú mi, mo kà á pé ọlọ́gbà tó ń tọ́jú òdòdó ló pààyàn, adájọ́ sì jù ú sẹ́wọ̀n gbére. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn afurasí lórí ìka wọn. Ìdààmú yẹn dùn mọ́ mi, ìkà tí mo jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń yí ìyókù. Ṣùgbọ́n ìwé tó tẹ̀lé ara wọn a máa rántí ara wọn. Nínú ìkarùn-ún, ọlọ́gbà yẹn tún yọ, ó ń gé koríko, mo sì ti kà á jáde kí n tó fura.

"Dúró ná," ni wọ́n wí. "Ṣebí ẹ̀wọ̀n ni ẹni yìí wà?"

"Ẹ ti gbàgbé ni, bàbá. Ọlọ́gbà méjì ni wọ́n."

Láti ọjọ́ náà, wọ́n á fọwọ́ kan sítóòfù lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó gbà pé iná rẹ̀ ti kú. Ọmọ wọn obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti fẹ́ kó wọn lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó tipẹ́. Èsì wọn ni pé ojú ló lọ, ọpọlọ ò lọ. Nígbà tó wá bi mí bóyá orí bàbá ṣì pé, mo wo ilẹ̀.

A ka ìwé tán, tẹlifíṣọ̀n wá sọ ọ́ di eré. Akọ̀wé gbọ́ ti ìwé kẹta: dókítà ni wọ́n mú. Ní Sátidé, mo bá wọn lórí ìjókòó, wọ́n de bọ́tìnnì dé ọrùn bí ẹni tó ń lọ sí kóòtù. Wọ́n ní kí n tún ojú ewé yẹn kà. Mo ṣí i. Dókítà wà níbẹ̀ gedegbe. Mo tún kà á pé ọlọ́gbà ni. Mo ní, "Ẹ má dá àwọn eléré lóhùn. Wọ́n máa ń yí ìwé kó lè dùn-ún wò."

Wọ́n mi orí. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ní kí ọmọ wọn wá kó ẹrù àwọn. "Ẹni tí kò mọ apànìyàn láàárín èèyàn mẹ́fà, kí ló fẹ́ dá gbé ilé ṣe?" Oṣù mẹ́rin ni wọ́n lò ní ilé ìtọ́jú náà kí ọlọ́jọ́ tó dé. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàwé fún wọn mọ́.

Mo ti tún mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kà, mo sì wo eré wọn. Àwọn eléré fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ níyàwó, wọ́n yọ ajá rẹ̀ kúrò, wọ́n sọ òjò di oòrùn. Wọn ò yí apànìyàn kan ṣoṣo padà. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni Akọ̀wé dárúkọ bó ṣe rí gan-an.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí orí yín pé bíi tèmi, ẹni tó bá yá ojú yín lò, ẹ má fi jí ọgbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi nọ́ọ̀sì, mi ò ní kí ẹ dárí jì mí. Ní ọjọ́ tí mo rí wọn kẹ́yìn, bàbá yín di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Má bínú, ọmọ mi, mo ti ń bá ọ jiyàn lórí ohun tí mi ò mọ̀."

Mo sọ fún wọn pé mo ti dárí jì wọ́n.