Lẹ́tà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Ní Kí N Kọ

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin kí ẹ tó bú mi. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò sọ ọ́ fún pásítọ̀. Ǹ bá má sọ ọ́ títí n ó fi kú, ṣùgbọ́n obìnrin kan wá sí ilé mi lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ó bẹ̀ mí ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ó ní òun ń padà bọ̀ ní Sátidé. Ìdí tí mo fi ń kánjú kọ̀wé sí yín nìyẹn.

Ọmọ Iléṣà ni mí, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni mò ń gbé láti ìgbà tí ọkọ mi ti gba iṣẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni Àdùkẹ́. Iléṣà lòun wà ní tirẹ̀, opó ni, aṣọ ló ń rán. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Túndé, tíṣà ní Ẹ̀sà-Òkè. Èmi lọ sí ilé ìwé dé ìwé mẹ́fà. Àdùkẹ́ kò lọ rárá, nítorí òun ló ń pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa ń lọ oko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí pé kálàmù tí mo fi ṣe é níkà, ìwé tí òun kò rí kà ló rà á fún mi.

Lọ́dún tí ogun parí ni kókó kan yọ sí i lọ́mú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ó di egbò ni a tó mọ̀. A gbé e lọ sí ọsibítù ńlá kan ní Ìbàdàn. Dókítà ń bá ọkọ mi sọ òyìnbó lórí rẹ̀ bí ẹni pé ẹrù tí a gbé wá ni. Nígbà tí a jáde, Àdùkẹ́ béèrè pé, "Kí ni wọ́n pè é?" Ọkọ mi ní wọ́n ní kí a máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Ó tún béèrè. Ọkọ mi ń wá ọkọ̀ tí a ó wọ̀. Èmi mọ orúkọ rẹ̀. Jẹjẹrẹ ni. Kò sẹ́ni tó dárúkọ yẹn nínú ilé wa rí. "Nǹkan yẹn" ni à ń pè é, ẹni tí nǹkan yẹn wà lára rẹ̀ náà sì ń bá wa pè é bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan ń gbé ládùúgbò wa ní Òṣogbo, ìdí nìyẹn tí a fi mú un wá sọ́dọ̀ wa. Yàrá ẹ̀yìn ni mo fún un. Nọ́ọ̀sì kọ́ mi bí a ṣe ń fọ ojú egbò, èmi ni mò ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo fi ọwọ́ ara mi fọ̀ ọ́, n kò dí imú. Èyí tí mo ṣe dáadáa nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó sọ ìyókù.

Àwa Mẹ́tọ́díìsì máa ń pín ìjọ sí kíláàsì. Olórí kíláàsì ní ìwé kan tó fi ń sàmì sí orúkọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Bí ènìyàn bá pa á jẹ lẹ́ẹ̀mejì, wọn á wá a dé ilé ni. Obìnrin mọ́kànlá ló wà pẹ̀lú Àdùkẹ́ ní kíláàsì rẹ̀ ní Iléṣà. Ìyá Fẹ́mi ló bá a ṣọ̀rẹ́ jù nínú wọn. Àwọn méjèèjì jọ ń kọ orin àlítò, bẹ́ẹ̀ wọn kò mọ̀wé kà, orí ni wọ́n fi mọ gbogbo orin. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Ìyá Fẹ́mi máa ń wá di irun fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tó dé ọ̀dọ̀ wa, Àdùkẹ́ ní kí n mú ìwé àti kálàmù wá. Ó ní, "Kọ ọ́ sí kíláàsì mi. Kọ ọ́ pé ulé àbúrò mi ni mo wà l'Óṣogbo. Kọ ọ́ pé ẹ̀rù ń bà mí. Kọ ọ́ pé kí wọ́n wá. Bí wọ́n bá dé, kí wọ́n má sunkún sí mi lórí, kí wọ́n kàn jókòó tì mí. Kí Ìyá Fẹ́mi mú òòyà rẹ̀ dání."

Mo kọ gbogbo rẹ̀. Mo kà á sí i létí. Ó ní ó dára. Mo da tàdáwà sórí àwo, ó ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà. Ọmọ mi Bùsáyọ̀ ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn ẹbí ọkọ ń ṣe ìwádìí lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é: ṣé wèrè wà ní ìdílé yẹn, ṣé ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ṣé wárápá. Àwọn ènìyàn sì máa ń sọ pé nǹkan yẹn a máa tọ ẹ̀jẹ̀. Àǹtí ọkọ ìyàwó wà ní kíláàsì Àdùkẹ́. Obìnrin mọ́kànlá ní yàrá ẹ̀yìn ilé mi, kí wọ́n rí egbò, kí òórùn rẹ̀ bá wọn nímú, kí ó tó di ọjọ́ Àìkú gbogbo Iléṣà á ti gbọ́.

Mo fi lẹ́tà Àdùkẹ́ sínú iná ààrò. Mo jókòó, mo kọ òmíràn lórúkọ rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: "Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo wà níbi ìsinmi. Mo bẹ̀ yín, ẹ má wá wò mí. N kò fẹ́ ojú ènìyàn. Bí ẹ bá fẹ́ràn mi, ẹ jẹ́ kí n dá wà, kí ẹ sì máa gbàdúrà." Nígbà tó ku ìka tí a ó tẹ̀ sí i, àtàǹpàkò tèmi ni mo tì bọ tàdáwà. Mo fún dẹ́rẹ́bà tó ń lọ Iléṣà. Ó parí.

Ṣé ó wá parí níbẹ̀? Gáréèjì ọkọ̀ Iléṣà kò jìnnà sí wa. Ọkọ̀ tó máa ń dé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ máa ń fun fèrè kó tó wọlé. Bí Àdùkẹ́ bá ti gbọ́ fèrè yẹn, á ní kí n gbé òun jókòó. Á wé gèlè. Á ní, "Lọ wò ó bóyá wọ́n ti dé." Lójoojúmọ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, lójoojúmọ́ ni! Mo máa dìde, mo máa rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo máa dúró níbẹ̀ díẹ̀, mo máa padà wá sọ pé wọn kò sí nínú ọkọ̀. Mo bínú sí dẹ́rẹ́bà, mo bínú sí fèrè, mo bínú sí òun fúnra rẹ̀ pé kì í rẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó ṣe, kò wé gèlè mọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kiri. Ó ní bóyá nítorí bùláòsì Ìyá Fẹ́mi tí òun rán tó há jù láyà ni, tí òun sì ní kó lọ dín oúnjẹ jíjẹ kù. Ó ní kí n kọ̀wé bẹ̀ wọ́n. Mo ní mo ti kọ ọ́. N kò kọ nǹkan kan. Ó kọjú sí ògiri. Bí mo bá gbé oúnjẹ dé, á ní kí n gbé e sílẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo máa bá a.

Lọ́jọ́ kan, ó sú mi. Mo pariwo mọ́ ọn, èmi tí ó pọ̀n. Mo ní, "Kíláàsì, kíláàsì, Ìyá Fẹ́mi, Ìyá Fẹ́mi! Ṣé èmi tí mò ń fọ egbò yín kì í ṣe ènìyàn ni?"

Kò bínú. Ó ní, "O ṣeun, àbúrò mi. O ń fọ̀ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n o kì í jókòó."

Òótọ́ ni. N kì í jókòó. Bí mo bá fọ egbò tán, mo ti gbé abọ́ omi, mo ti jáde. Mo mọ̀ pé bí mo bá jókòó, á béèrè pé ṣé òun máa kú ni, n kò sì ní ìdáhùn. Àwọn tó ní ìdáhùn, tàbí tó kéré tán tó lè jókòó láìní ìdáhùn, èmi ni mo dá wọn dúró sí Iléṣà. Túndé náà máa ń wá ní ìparí oṣù. Mo sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọmọ tó gbọ́ràn ni, ó pa ẹnu mọ́.

Àdùkẹ́ lo oṣù márùn-ún lọ́dọ̀ wa kó tó kú. Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé obìnrin mọ́kànlá tí wọ́n jọ ń jọ́sìn láti ìgbà ọmọge ti kọ òun sílẹ̀ nítorí bùláòsì.

Gbogbo kíláàsì wá síbi ìsìnkú ní Iléṣà. Wọ́n kọrin. Ìyá Fẹ́mi dá jókòó sí etí òde, kò kọrin, kò fẹnu kan omi wa.

Ẹ ṣì ń gbọ́? Ẹ wá gbọ́ èyí tó bí mi nínú jù. Wọ́n fẹ́ ọmọ mi. Lọ́jọ́ ìdáná, ìyá ọkọ rẹ̀ fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ nítorí ẹ̀gbọ́n yín. A gbọ́ nígbà ìwádìí. Nǹkan yẹn náà ló pa ìyá tèmi." Wọ́n ti mọ̀! Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀, kò sì jẹ́ nǹkan kan lójú wọn. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi orí gbá ògiri. Wọ́n rò pé ayọ̀ ló pọ̀ jù fún mi.

Mo sọ pé obìnrin kan wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyá Fẹ́mi ni. Láti ìgbà ìsìnkú a kò fojú kan ara wa. Ó ti rù. Ó jókòó, ó mu omi, ó wá tú bọ́tìnnì bùláòsì rẹ̀, ó fi ọmú òsì hàn mí. N kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ó ní, "Àwọn ọmọ mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi ìwọ."

Mo ní, "Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi, Ẹ̀gbọ́n?"

Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó yọ ìwé kan jáde. Lẹ́tà mi ni. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ní ibi tí a ti ká a. Ó ní òun gbà á lọ́wọ́ olórí kíláàsì lẹ́yìn ìsìnkú. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má wá. Ó dùn mí, mo bínú sí i títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí tèmi dé, ó wá yé mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ènìyàn á fara pamọ́, kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó ti fi ọ̀nà hàn mí." Ó fi ìka kan ibi tí tàdáwà wà. "Ìka rẹ̀ nìyí. Mo máa ń fọwọ́ kàn án tí n bá ń gbàdúrà."

Mo wo àtàǹpàkò mi. Mo ká a mọ́ inú àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé. Ó ní kí n jẹ́ kí òun wá sùn ní yàrá Àdùkẹ́. Ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí kíláàsì, kí n kọ ọ́ bí mo ṣe kọ ti Àdùkẹ́ gẹ́lẹ́, kí ó má yẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan. Ó di bọ́tìnnì rẹ̀, ó lọ wọkọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo ti gbọ́ ìyẹn, mo ti sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Bí mo bá jẹ́wọ́ fún un, mo ti gba ohun kan ṣoṣo tó dì mú lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ti sọ fún un pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń retí rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí mo bá kọ ohun tó ní kí n kọ, mo ti tún ti ẹlòmíràn mọ́ inú yàrá kan náà. Mo sì ti rò ó pé kí n kàn kọ òdìkejì rẹ̀, kí n kà á sí i létí bó ṣe fẹ́ kó rí, kí kíláàsì lè wá. Ṣé ìwà tí mo hù nígbà kìíní kọ́ nìyẹn? Tàbí ó yàtọ̀?

Ìwé wà níwájú mi báyìí, tàdáwà wà nínú àwo. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú lẹ́tà tí mo sun ni mo ṣì rántí. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ wá. Ẹ má sunkún sí mi lórí, ẹ kàn jókòó tì mí. Ìyá Fẹ́mi, mú òòyà rẹ dání. Mo ti kà á sókè nínú yàrá ẹ̀yìn, fún ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Èwo ni kí n kọ?