Èmi Ni Mo Pa Iná Ọkọ̀ Pramesh

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Pramesh, sún mọ́ ibi tí mo ti lè rí ojú rẹ. Àwọn dókítà Kathmandu ní kí wọ́n gbé mi padà wá sílé ní Chautara kí n wá sinmi. Ẹ̀yin náà mọ irú ìsinmi tí wọ́n ń wí. N kò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ. Ohun tí ẹ gbà gbọ́ nípa ikú ìyá wa, irọ́ ni, èmi Ghanendra ni mo sì pa irọ́ náà.

Kí mọ́tò tó dé, ẹ̀yìn mi ni mọ́tò Ìyá. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, màá gbé e sínú agbọ̀n, màá fi okùn rẹ̀ kọ́ iwájú orí mi, màá sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọsibítù. Ẹnikẹ́ni kò yìn mí, n kò sì retí ìyìn. Àfi ìgbà tí Pramesh àbúrò mi, tó jẹ́ tíṣà, ra mọ́tò oníná kékeré kan tí wọ́n ti lò rí. Kò mọ pẹtiróòlù. Bí Pramesh bá ti ilé ìwé dé, á ki wáyà rẹ̀ bọ ihò iná tó wà lára ògiri ilé màlúù. Tó bá fi di àárọ̀, ó ti yó. Bó bá yó, ó lè rin ọgọ́rùn-ún kìlómítà àti díẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ṣùgbọ́n òkè máa ń jẹ iná rẹ̀ bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ẹ̀fọ́. Ọjọ́ tí Ìyá kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀, ó ní, "Háà! Egungun mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sinmi." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ta ló ti ń fi egungun rẹ̀ ṣeré tẹ́lẹ̀? Owú ni, n kò ní orúkọ mìíràn fún un.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí Pramesh bá ti ki wáyà bọ ògiri, tó wọlé lọ jẹun, èmi á ṣe bí ẹni tó fẹ́ fún màlúù lómi, màá pa súwíìṣì, màá sì tún tan án kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo fẹ́ kí mọ́tò kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ fi í ṣẹ̀sín. Á bi mí láàárọ̀ pé, "Bọ̀dá, ṣé wọ́n mú iná lọ ni?" Màá ní, "Wọ́n mú un lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un dé ni."

Nígbà tí àìsàn dá Ìyá dùbúlẹ̀, ó ní ká gbé òun lọ sí etí odò Bagmati ní Kathmandu bí èémí òun bá ti ń yí padà, kí ẹsẹ̀ òun wà nínú omi kí òun tó lọ. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún wa: ẹni tó bá kú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi mímọ́ yẹn, ọkàn rẹ̀ á lọ ní àlàáfíà. Pramesh dì í lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ìyá, mọ́tò á máa yó lójoojúmọ́ dè yín." Etí mi gbọ́ ọ. Síbẹ̀, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, mo tún lọ pa súwíìṣì. Mo ní kì í ṣe ọ̀la ló máa kú.

Ọ̀la náà ni. Pramesh wo inú mọ́tò, ó ké. "Bọ̀dá, iná inú ẹ̀ ò ju ìdajì lọ! Ẹ jẹ́ á pe Padam kó gbé jíìpù ẹ̀ wá." Padam, aládùúgbò wa! Bó bá dé, á ní wọn kò mú iná lọ nílé òun. Ni mo bá ní, "Jíìpù Padam á gbo Ìyá pa. Ìwọ kọ́ lo ní mọ́tò tó ń sinmi egungun? Wà á, jàre!"

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. A sọ̀ kalẹ̀ dé Dolalghat létí odò, Pramesh dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Ó ní, "Bọ̀dá, kò lè gun òkè Dhulikhel tó wà níwájú. Ẹ jẹ́ á gbé Ìyá sọ̀ kalẹ̀ síbí. Odò méjì ló pàdé níbí, omi mímọ́ náà ni." Ìyá lajú, ó ń wo omi. Mo rí i. Bí a bá dúró, wọ́n á béèrè ìdí tí iná fi tán. Ni mo bá ní, "Bagmati ni Ìyá ní ká gbé òun lọ. Ṣé ìyá ẹ ti sú ẹ ni?" Pramesh ń sunkún bó ṣe ń wakọ̀ lọ.

Mọ́tò kú ní kọ́nà kan tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju òkúta àti eruku. Kí bọ́ọ̀sì kankan tó dá wa lóhùn, Ìyá ti lọ. Pramesh tú omi inú ike sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á, ó ń wí pé, "Ìyá, ẹ foríjì mí, èmi ni mi ò yẹ iná wò dáadáa." Orí Ìyá wà lórí itan mi. Mo jẹ́ kó máa bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Nígbà tí a wà nínú aṣọ funfun ọ̀fọ̀, tí àbúrò bàbá wa ń bú Pramesh níṣojú àlejò pé, "Ọlọ́gbọ́n tó gbọ́n ju pẹtiróòlù lọ!", mo tún mi orí sí i.

Ní àṣà wa, ẹni tí ìyá rẹ̀ kú kì í mu wàrà fún ọdún kan. Ọdún tèmi pé, mo mu ún. Ọdún kẹfà rèé, Pramesh kò tíì tọ́ ọ wò. Bí wọ́n bá bi í, á ní ọdún tòun kò tíì pé.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi owú sọ́kàn. Ìgbà tí mo fi mọ bí tèmi ṣe tóbi tó, ó ti pẹ́ jù. Pramesh, ọdún rẹ ti pé tipẹ́. Tèmi ni kò tíì bẹ̀rẹ̀. N kò sọ pé kí o foríjì mí lónìí. Wàrà gbígbóná ni ìyàwó rẹ gbé síwájú rẹ yẹn, èmi ni mo ní kó gbé e wá. Jọ̀ọ́, mu ún kí n rí i.