Viewer Tó Ń Jẹ Àmì Ọ̀rọ̀

Ẹ bá mi yin Jésù, ará! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má retí pé kí n jó. Ó rẹ̀ mí, àmọ́ mo dúpẹ́.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ní Ajíbọ́dé níbí. Ètò tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pe ọkọ̀ wá kó ẹ̀gẹ́ wọn la ń kọ. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá yí padà níbẹ̀, onítọ̀hún á kọ gbólóhùn kan tì í. Ètò míì tí à ń pè ní viewer ló wá ń ya gbogbo rẹ̀ bí igi ẹlẹ́ka, kí a lè rí ẹni tó ṣe kí ni. Èmi ni wọ́n ní kí n tún viewer yìí ṣe. Kò yá rárá! Tẹ́ ẹ bá ní kó ṣí nǹkan, á kàn máa yí bírí bírí, ojú á sì máa ta yín.

Lọ́jọ́ kan, ibi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń pe ọkọ̀ bá dàwátì nínú ètò wa. Ọ̀gá mi wo viewer, wọ́n rí orúkọ mi, wọ́n rí "Mo yo oko kuro." Wọ́n ní èmi ni mo yọ ọkọ̀. Wọ́n ní tí n ò bá rí àlàyé ṣe ní Mọ́ńdè, kí n máa lọ sílé. Mo sunkún, ará! Mi ò rántí ohun tí mo yọ mọ́. Mo gbààwẹ̀, mo gbàdúrà títí ohùn mi fi há.

Ní Sátidé, màmá mi fi fóònù tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ láti Ìjàyè: "Mo wa ninu oko." Mo lọ dúró dè wọ́n ní gáréèjì Mọ́níyà. Oòrùn pa mí. Nígbà tó sú mi, mo pè wọ́n.

"Màámi, ibo lẹ bá a dé?"

"Dé ibo? Inú oko ni mo wà, mò ń hú ẹ̀gẹ́!"

Haa! Mo pariwo Jésù nínú gáréèjì! Èmi fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tèmi, viewer ló ń jẹ ẹ́!

Mo jókòó tì í lọ́sàn-án yẹn, mo tún un ṣe, gbogbo àmì jáde. Tèmi ni "Mo yọ oko kúrò," oko bàbá kan tó ti ta ilẹ̀ rẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni mo ti rí "Mo yọ ọkọ̀ kúrò." Orúkọ ọ̀gá mi ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo fi hàn wọ́n, wọ́n ní, "Sister Bùnmi, ẹ má bínú."

Ará, oorun ṣì ń kùn mí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ò bọ́. Ọ̀gá mi ló gbé mi wá sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí, àwọn nìyẹn lẹ́yìn. Nígbà tá à ń bọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí Màámi pé, "Mo wà nínú ọkọ̀." Mo fi gbogbo àmì sí i! Ẹ bá mi fògo fún Ọlọ́run, kí n lọ jókòó.