Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Ara Wàláà Ń Lọ

Nínú takisí tó ń ti Post Office lọ sí Ṣàngó, àfáà àgbà kan bi ọmọbìnrin tó ń kọ́ nípa ọpọlọ ní yunifásítì léèrè:

“Tí ọmọ kéwú bá ti há ohun tó wà lára wàláà rẹ̀ sórí, a ó ní kó fi omi fọ̀ ọ́ nù. Níbo wá ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ?”

“Ó wà nínú ọpọlọ rẹ̀, àfáà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ tó ń bá a rántí kì í fara kanra. Àlàfo bíńtín ló wà láàárín wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà ránṣẹ́ síra wọn. Bó bá ṣe ń tún un kà, ọ̀nà yẹn á máa fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí i.”

Bàbá rọra fọwọ́ kan fìlà rẹ̀.

“Subuhanalahi. Láti ọjọ́ yìí tí mo ti ń pariwo ‘tún un kà’, mi ò mọ̀ pé ọ̀nà ni mò ń là.”