Bẹ́líìtì Ṣòkòtò Rọ́bà

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láti Hamburg sí etí òkun, lówùúrọ̀ Sátidé kan tí yìnyín bo ilẹ̀, ọkùnrin méjì tó wọ ṣòkòtò rọ́bà apẹja tó ga dé àyà, tí wọ́n sì gbé ọ̀pá ìpẹja dání, jókòó kọjú sí mi, wọn ò sì mọ̀ pé mo gbọ́ Yorùbá.

"Bọ̀dá, ẹ má wọ inú omi kọjá orúnkún lónìí," èyí àbúrò wí. "Nínú òtútù báyìí, ibi tí omi ò jìn ni oòrùn ọ̀sán ti ń tètè mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ibẹ̀ lẹja ń wá."

"Ẹja kéékèèké!"

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín di bẹ́líìtì ṣòkòtò rọ́bà yẹn nígbà náà, kí omi má baà kún inú rẹ̀."

"Ó ń fún mi níkùn. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí! Mo ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà kí wọ́n tó bí ẹ."

"Omi Ẹ̀pẹ́ mọ̀ yín. Omi yìí ò mọ̀ yín."

Mo yára kọjú sí fèrèsé kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín mi.

"Torí pé mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ṣebí a jọ fi rẹ́rìn-ín ni."

"Ẹ̀yin lẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rántí nǹkan tẹ́ ẹ sọ nígbà tí mo fà yín jáde."

"Kí ni mo sọ?"

Àbúrò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ dì mọ́ mi, ẹ ń pè mí ní Màámi. Ẹ ní ká máa lọ sílé, pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọ̀sán gangan ni."

Ẹ̀gbọ́n tú báàgì rẹ̀, ó yọ bẹ́líìtì náà, ó dìde dúró níwájú gbogbo èrò ọkọ̀.

"Fún un mọ́ mi dáadáa," ló wí.