Ẹ̀ṣẹ̀ Wo Ni Ẹ Dárí Rẹ̀ Ji Tóyìn?

Tóyìn ni orúkọ ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ láìṣẹ̀. Ọdún tó kọjá ni, nígbà tí máńgòrò kún gbogbo ẹ̀gbẹ́ títì ní àdúgbò Narayi, nínú gbọ̀ngàn ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kàdúná níbí, níwájú ìyá rẹ̀ àti níwájú èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Wọ́n pè é ní olè, wọ́n gbá a létí, wọ́n lé e jáde. Títí di òní, kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó la ẹnu sọ pé àwọn ṣì í ṣe. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, inú mi ń ru. Mo kàwé jáde ní yunifásítì, mo ṣe agùnbánirọ̀, mo ti gbé páálí dání lójú pópó nítorí ẹ̀tọ́ àwọn tí n kò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, n kò rí i gbà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń pè mí ní ọmọ àwọn. Irú kí lèyí?

Eré ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ kan tí a jọ ṣe agùnbánirọ̀ ló fún mi ní páálí eré náà. Fíìmù àwọn ọmọdé kan ni wọ́n sọ di eré orí tábìlì, fíìmù àwọn bèbí onírun tí wọ́n ní ìlú tiwọn àti ayaba tiwọn. Ẹ ó jókòó yí tábìlì ká, ẹnìkan á máa sọ ìtàn, olúkúlùkù yòókù á mú káàdì kan: ìwọ di ehoro, òun di ìjàpá, ẹlòmíràn di kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ohun tí ẹranko rẹ bá fẹ́ ṣe, ẹnu ara rẹ ni wàá fi sọ ọ́ bí ẹni pé ìwọ gan-an ni ẹranko ọ̀hún, wàá wá ju ọmọ lúdò láti mọ̀ bóyá ó bọ́ sí i. Àwa ń pè é ní eré àfẹnuṣe. Ibi tó wù mí jù ni ìparí rẹ̀. Kí eré tó tán, ẹranko tó bá hùwà àìdáa á dìde jẹ́wọ́, àwọn yòókù á dì mọ́ ọn, ayaba á sì lẹ ìràwọ̀ mọ́ ọn láyà. Òfin eré ni. Bí ẹ kò bá dì mọ́ ọn, eré kò tíì tán.

Alága ẹgbẹ́ wa fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ mí pé kí n wá máa bá àwọn ọmọ ṣe é ní gbọ̀ngàn ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ẹ mọ̀ bí àwọn ọmọ wa ti rí níhìn-ín. O bá wọn sọ Yorùbá, Haúsá ni wọ́n fi ń dá ọ lóhùn. Mo wá fi òfin tèmi kún òfin eré: ní ìlú bèbí yìí, Yorùbá nìkan ni ayaba gbọ́. Nínú gbogbo wọn, Tóyìn ló le jù. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá pè é, "Na'am" ló ń jẹ́. Bí o bá kí i, á kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ á pa mọ́, nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi Yorùbá ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àfi ọjọ́ tó mú káàdì kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀! Adé ayaba sọnù nínú ìtàn, gbogbo ẹranko ń fura sí ehoro, ni ọmọ yìí bá fò dìde lórí bẹ́ǹṣì: "Ẹ fi ehoro sílẹ̀! Èmi ni! Èmi ni mo jí i! Abẹ́ ìrù mi ni mo gbé e sí, mo sì ń bá yín wá a kiri bí ọmọlúàbí!" Ilé mì fún ẹ̀rín. Ìyá Ẹgbẹ́, olórí àwọn obìnrin wa, wà lójú fèrèsé, ó ń fi fóònù rẹ̀ ya fídíò, omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀. Òun ló gbé fídíò náà sí gúrúùpù ẹgbẹ́ lórí Wasáàpù. Ó ní, "Ẹ wá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ Kàdúná o!" Gbogbo wọn ló pàtẹ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé pé gbogbo wọn ló pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni a ṣe ìkómọ kan nínú gbọ̀ngàn yẹn, ṣéènì wúrà Ìyá Ẹgbẹ́ sì di àwátì. Wọ́n tú àga, wọ́n tú páálí ìrẹsì, wọn kò rí i. Tóyìn wà lára àwọn ọmọ tó gbé omi fún àlejò. Ta ló kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀? N kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọjọ́ ìpàdé, Ìyá Ẹgbẹ́ dìde, ó sì tan fídíò tí òun fúnra rẹ̀ yà. "Ẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀ ná! Ọmọ tí kò lè fi Yorùbá tọrọ omi, ó lè fi sọ bí òun ṣe jalè. Ẹni tí kò jí nǹkan rí, ṣé ó lè sọ ọ́ dùn tó báyìí?" Àwọn àgbà sì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni! Àwọn tí wọ́n kàwé, àwọn olùkọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba! Mo dìde, mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, eré ni. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe Tóyìn." Ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn pé, "Lọ́yà, jókòó! Ta ló gbà ọ́ níṣẹ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Alága wá fi ohùn jẹ́jẹ́ pe ọmọ náà. "Tóyìn, ọmọ mi, jẹ́wọ́. Bí ẹ ti ń ṣe nínú eré yín náà ni. Jẹ́wọ́, a ó dì mọ́ ọ." Ọmọ náà wojú mi. Ojú yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ pé ẹni tó bá jẹ́wọ́, wọ́n á dì mọ́ ọn. Kí n tó lè mi orí fún un pé rárá, ó ti dáhùn, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹ̀fọn lọ: "Èmi ni, sà." Alága bi í pé, "Níbo lo gbé e sí?" Níbo ni yóò sọ? Ẹni tí kò mú nǹkan, ibo ni yóò nàka sí? Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wá Yorùbá tí yóò sọ, èyí tó mọ̀ nìkan ló rí. Ó ní, "Abẹ́ ìrù mi."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gbá a létí, ó ní ọmọ náà ń fi àgbà ṣẹ̀fẹ̀. Ọwọ́ tó ní òun yóò fi dì mọ́ ọn, òun náà ló fi gbá a. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí ọmọ rẹ̀ kò ṣe. Wọ́n ní kí ọmọ náà má ṣe wọ gbọ̀ngàn mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́, àwọn ọmọ àdúgbò ti ń ké tẹ̀ lé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́, "Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀! Barauniya!" Olè obìnrin nìyẹn, lédè Haúsá. Àwọn oníbàárà ìyá rẹ̀ ń wá gba aṣọ wọn láìrán. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà tiwa ló fọwọ́ ara wọn wọ́ ọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Nígbà tí Ìyá Ẹgbẹ́ fẹ́ lọ sí òde mìíràn, ó mú gèlè tó wé lọ́jọ́ ìkómọ yẹn jáde láti inú àpótí, ó tú u, ṣéènì já bọ́ láti inú ìṣẹ́po rẹ̀. Ó sọ fún ẹni kejì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, onítọ̀hún sọ fún ẹlòmíràn, ó sì dé etí gbogbo wa. Ṣé ó sọ ọ́ ní ìpàdé? Rárá! Ó gbé ṣéènì náà kọ́rùn wá sí ìpàdé ni. Ó ń dán lọ́rùn rẹ̀ lójú gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó bi í pé níbo lo ti rí i.

Mo lọ bá Alága nílé. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Bàbá, ẹ sọ pé Tóyìn kò jalè, níbi tí ẹ ti fẹ̀sùn kàn án gan-an." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwọ ọmọ yìí, o kò mọ nǹkan tí wọ́n ń pè ní ká jẹ́ kó tán síbẹ̀? A ti dárí jì í." Ẹ dárí jì í kẹ̀? Ẹ̀ṣẹ̀ wo? Ìyá Ẹgbẹ́ fi aṣọ tuntun ránṣẹ́ sí ìyá Tóyìn, obìnrin náà sì dá a padà láìtú u. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Wúrà wọn wà lọ́rùn wọn. Orúkọ ọmọ mi dà?"

Mo gbé páálí eré náà lọ bá Tóyìn láìpẹ́ yìí. Mo ní kó yan káàdì tó bá wù ú, kó di ayaba pàápàá. Kò fọwọ́ kàn án. "A'a, Anti," ló fi kọ̀ fún mi, ó sì yíjú sí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀. Haúsá nìkan ló ń sọ báyìí, àti sí ìyá rẹ̀ pàápàá. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tó ń ka èyí, ẹ gbọ́: bí ẹ bá ní kí ọmọdé jẹ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara yín, kí ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi í ṣe.

Ní òwúrọ̀ àná mo kọ ọ́ sí gúrúùpù ẹgbẹ́, lábẹ́ fídíò yẹn gan-an tó ṣì wà níbẹ̀: "Ẹ pe ìpàdé. Ẹ pe Tóyìn àti ìyá rẹ̀. Kí Alága àti Ìyá Ẹgbẹ́ dìde níwájú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sọ pé ọmọ yìí kò jalè." Àmì Wasáàpù fi hàn pé gbogbo wọn ti kà á. Ẹnìkan gbé àdúrà òwúrọ̀ sí abẹ́ rẹ̀, àwọn tó kù ń ṣe àmín.